Abẹ́rẹ́ tuntun fún giramafóònù: bí ẹ ṣe máa yàn án, bí ẹ ṣe máa dè é

Páálí kan ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé lé mi lọ́wọ́ ní Òmù-Àrán, àwo tó lé ní ogójì ló wà nínú rẹ̀. Dadakúàdà wà níbẹ̀, wákà wà níbẹ̀, àpàlà, sákárà, jùjú, àwọn àwo tí wọ́n fi ṣe ìnáwó mọ́jú nígbà tí wọn ò tíì bí mi. Giramafóònù tí mo fẹ́ fi gbọ́ wọn, tòkúnbọ̀ ni, Ìlọrin ni mo ti rà á. Ó ń yí dáadáa, apá rẹ̀ ò wọ́, àfi abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó ti kán. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Àlájì, abẹ́rẹ́ yòówù tí ẹ bá ti rí, ẹ fi sí i, á kọrin." Kò purọ́, ó kọrin. Ohun tí ojú àwo máa rí ni kò sọ fún mi.

Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí. Owó tí ẹ bá ná sórí káátíríìjì, ìyẹn ilé tí abẹ́rẹ́ ń gbé, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí kan tí ẹ bá fi dè é bó ṣe yẹ. Èyí tí kò wọ́n tí wọ́n fara balẹ̀ dè máa kọrin ju olówó ńlá tí wọ́n kàn gbá mọ́ orí apá lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílé

Kí ẹ tó mú owó jáde, ẹ tẹjú mọ́ orí apá giramafóònù yín. Tó bá jẹ́ pé ìdè kéékèèké méjì ló so káátíríìjì mọ́ ọn, tí àlàfo àárín wọn jẹ́ mìlímítà 12.7, ìyẹn ìdajì íǹṣì, ẹ ò níṣòro. Káátíríìjì tó pọ̀ jù lọ́jà ló máa bá a mu. Àwọn kan wà tí káátíríìjì wọn ń wọlé tààrà bíi púlọ́ọ̀gì, tí ìdè kan ṣoṣo mú un láti ẹ̀gbẹ́. T4P ni wọ́n ń pe ìyẹn. Gíráàmù 1.25 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fi tẹ àwo, kò sì sí títò kankan níbẹ̀: ẹ ra irú rẹ̀, ẹ tì í wọlé, ẹ de ìdè kan náà, ó parí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó dà bí àpótí ìrìn-àjò, tí sípíkà wà nínú ara rẹ̀, tí apá rẹ̀ jẹ́ ike lásán, tí kò sí irin kankan lẹ́yìn apá náà tí ẹ lè yí. Káátíríìjì séràmíìkì ló sábà máa ń wà lára rẹ̀, ó sì lè tẹ àwo tó gíráàmù márùn-ún. Ẹ má fi owó káátíríìjì gidi ṣòfò sórí irú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ máa pààrọ̀, kí ẹ má sì fi gbọ́ àwo tí ẹ fẹ́ràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ́ńpílífáyà yín síta. Ṣé ihò kan wà tí wọ́n kọ PHONO sí? Iná tó ń jáde lára káátíríìjì mágínẹ́ẹ̀tì kò ju mílífóòtì mélòó kan lọ, ó kéré débi pé ihò AUX ò lè gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n tún ti dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n sì ti gbé ohùn òkè sókè nígbà tí wọ́n ń gé àwo náà. Ihò PHONO ló ń dá a padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá fi wáyà sí AUX máa gbọ́ orin tín-ín-rín tí kò nídìí, bí ẹni tó ń pariwo láti ìsàlẹ̀ kànga. Tí kò bá sí PHONO, àpótí kékeré kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ fi owó rẹ̀ kún ìṣirò yín látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ fi giramafóònù ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà. Iná tiwọn jẹ́ 60 Hz, ìyẹn iye ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ 50 Hz. Àwọn giramafóònù àtijọ́ kan wà tí mọ́tò wọn ń wo iná yìí láti mọ bí wọ́n á ṣe yára tó. Èyí tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan á máa yí ní nǹkan bíi 27.8, akọrin á wá máa fà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Tàrànsífọ́mà tó ń sọ 220 di 110 ò lè wo àìsàn yìí sàn, fóòtì ló ń yí padà, kì í yí Hz. Kò sí káátíríìjì tó lè tún un ṣe. Èyí tí mọ́tò rẹ̀ ń lo iná bíi ti bátìrì kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Èyí tí mo máa rà

Ẹ máa gbọ́ nípa oríṣi méjì: èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì ń mì nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní MM, àti èyí tí wáyà tí wọ́n ká ń mì, tí wọ́n ń pè ní MC. MC dùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn, iná tó ń jáde lára wọn ò tó ìdajì mílífóòtì, ó nílò ẹ́ńpílífáyà ọ̀tọ̀, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá sì kán, ẹ ò lè fa abẹ́rẹ́ nìkan yọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó lówó ìranù. MM ni tiwa.

Nínú MM tí kò wọ́n, mẹ́ta ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé. AT3600L ti Audio-Technica ló pọ́ọ́kú jù, orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ roboto, gíráàmù mẹ́ta ló fẹ́, kì í sì í bínú sí apá tó wúwo. Ortofon 2M Red, láti Denmark, wọ́n ju ìyẹn lọ, gíráàmù 1.8 ni tirẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dán. Àwọn kan ní ó ń dán jù. Àárín wọn ni AT-VM95 wà, òun sì ni mo rà.

Ìdí ni pé ara káátíríìjì kan náà ló wà, abẹ́rẹ́ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa dè é. Tí abẹ́rẹ́ bá gbó, tàbí tí owó bá wọlé, ẹ kàn máa fa ti tẹ́lẹ̀ yọ, ẹ máa ti tuntun wọlé, títò yín ò ní yẹ̀ bí kò ṣe díẹ̀. Èyí tó jẹ́ búlúù ni C, orí rẹ̀ roboto bí orí bírò. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé ni E, wọ́n ti jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń wọ àwọn kọ̀rọ̀ inú ipa orin tí C ò lè dé, ìdí nìyẹn tó fi ń mú ohùn ṣẹ́kẹ́rẹ́ jáde ketekete. Ó sì tún ń mú ìbàjẹ́ jáde ketekete pẹ̀lú. Àwo tí wọ́n fi ṣàríyá, tí wọ́n ti da bíà sí, tí ọmọ ti fi ọwọ́ àmàlà gbé, C ló ń fi ojú fo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Tí títò yín bá sì yẹ̀ díẹ̀, C á mú un mọ́ra, E ò ní gbà. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C. Bí ẹ bá ti mọ ìdè, tí ẹ sì ti fọ àwo yín, ẹ wá ra abẹ́rẹ́ E nìkan.

Àwo 78 ńkọ́, èyí tó wúwo, tó ń fọ́ bí àwo tánńganran? Ẹ má ṣe gbé C tàbí E lé e. Ipa inú rẹ̀ ti wà ṣáájú àwo ńlá oníke tó jáde ní 1948, ó fẹ̀ jù ú lọ, abẹ́rẹ́ tó sanra ju ìwọ̀nyí lọ dáadáa ló ń béèrè. SP, dúdú ni, ni wọ́n ṣe fún un nínú ìdílé VM95.

Níbi tí ẹ bá ti ń rà á, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ṣí i. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti iwájú, kí ẹ wo ọ̀pá tín-ín-rín tó gbé abẹ́rẹ́: ó gbọ́dọ̀ dúró gún láàárín. Tó bá tẹ̀ sápá kan bí ẹsẹ̀ akúkọ, ẹ dá a padà fún wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Dídè

Aṣọ funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ sórí tábìlì, nítorí ìdè tó bá bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì ti di àwátì. Ẹ kó sukudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀mú kékeré bíi tàwọn aṣaralóge, tọ́ọ̀ṣì, àti rúlà onímìlímítà sílẹ̀. Ẹ fa wáyà giramafóònù kúrò lára iná pátápátá. Nẹ́pà lè mú iná dé nígbà tí ẹ ò retí rẹ̀, kí ìjókòó àwo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́ yín lọ́wọ́.

Ike tó bo abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò títí di ìgbà tí mo bá sọ. Tí orí apá bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́, iṣẹ́ á rọrùn.

Wáyà mẹ́rin tín-ín-rín ló wà níbẹ̀. Funfun àti búlúù jẹ́ ti òsì, pupa àti àwọ̀ ewé jẹ́ ti ọ̀tún. Funfun àti pupa ló ń gbé orin, búlúù àti àwọ̀ ewé ni ìpadàbọ̀ wọn. Ẹ̀yìn káátíríìjì náà ní àmì àwọ̀ kan náà. Ẹ fi ẹ̀mú di irin kékeré tó wà lẹ́nu wáyà mú, ẹ má ṣe di wáyà fúnra rẹ̀, ó ń já bí òwú ìránṣọ. Tí irin náà bá kọ̀ láti wọlé, ẹ fi ìdí abẹ́rẹ́ ìránṣọ là á díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé irin ìjólẹ́ẹ̀dì kan ẹ̀yìn káátíríìjì, ooru rẹ̀ á pa á sínú.

Ẹ wá fi ìdè méjèèjì mú káátíríìjì mọ́ orí apá. VM95 ní ẹnu ìdè nínú ara rẹ̀, kò nílò nọ́ọ̀tì, ìyẹn nìkan tó fún mi láti gbàdúrà fún ẹni tó rò ó. Ẹ jẹ́ kó mú díẹ̀, kí ó ṣì ṣeé sún pẹ̀lú ìka. Ẹ má dè é pa.

Ìwọ̀n

Ibí ni mo ti jẹ̀bi. Nígbà tí mo de ti àkọ́kọ́, mo ronú pé àwo bàbá àgbà ni, kí n má gbé ẹrù wúwo lé e. Gíráàmù méjì ni ilé-iṣẹ́ sọ, ẹyọ kan ni mo fi sí i. Mo gbọ́ ojú kan àwo àpàlà kan. Gbogbo ibi tí ìlù ti ró sókè, abẹ́rẹ́ ń fò nínú ipa bí mọ́tò tó ń sáré lórí ọ̀nà oníkòtò, ó ń já, ó ń balẹ̀, ó ń ha ògiri ipa náà lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí mo padà gbé e sí méjì, àwọn ibẹ̀ yẹn ṣì ń ṣe ṣáá-ṣáá, bẹ́ẹ̀ náà ni títí dòní. Àánú tí mo ṣe é ló bà á jẹ́. Àwọn àgbà wa tó ń fi kọ́bọ̀ kan lé orí apá kó má baà fò, òdìkejì àṣìṣe mi ni wọ́n ṣe.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ yí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ ANTI-SKATE sí, èyí tí kì í jẹ́ kí apá máa fà sí àárín àwo, padà sí òdo. Ẹ yọ ike abẹ́rẹ́ báyìí, nítorí òun náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ gbé apá kúrò níbi tó ń sinmi sí, ẹ fi ọwọ́ ṣọ́ ọ, kí ẹ máa yí irin tó wà lẹ́yìn apá títí apá náà á fi léfòó láfẹ́fẹ́, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ẹ dá a padà síbi ìsinmi rẹ̀. Òrùka tó ní nọ́ńbà wà lára irin náà: òrùka nìkan ni kí ẹ yí kí òdo lè bọ́ sókè, irin ò gbọ́dọ̀ bá a yí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí irin àti òrùka pọ̀ dé 2 tó bá jẹ́ VM95 C tàbí E, dé 3 tó bá jẹ́ AT3600L.

Nọ́ńbà òrùka máa ń purọ́, pàápàá lára tòkúnbọ̀. Mo tọ alágbẹ̀dẹ góòlù kan lọ nítòsí Ọjà Ọba pé irú òṣùwọ̀n wo ló ń lò. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ wọ̀n, Àlájì?" Mo ní orí abẹ́rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi yọjú, àmọ́ ó fi òṣùwọ̀n náà hàn mí, kékeré bíi fóònù, ó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Mo ra irú rẹ̀. Ẹ fi ìdérí ìgò oníke lé e lórí kí mágínẹ́ẹ̀tì inú káátíríìjì má baà fa irin òṣùwọ̀n, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo, ẹ wá rọra sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sórí ìdérí náà. Ẹ gbìyànjú kí orí ìdérí wà ní gíga kan náà pẹ̀lú ojú àwo. Òrùka tèmi ń wí pé méjì, òṣùwọ̀n ní 1.71. VM95 C àti E ò fẹ́ kó dín sí 1.8, kò sì fẹ́ kó ju 2.2 lọ.

Títò

Ẹ̀rọ tó gé ipa orin sínú àwo rìn tààrà láti etí wá sí àárín. Apá tiwa ò lè rìn bẹ́ẹ̀, ó ń lọ ní ìlọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Nítorí náà, ibi méjì péré lórí àwo ni abẹ́rẹ́ ti lè kọjú sí ipa náà gan-an bó ṣe yẹ, gbogbo ibi tó kù, ó ń yẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ wa ni pé kí ibi méjèèjì náà bọ́ síbi tó tọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò ni mìlímítà 66 àti 120.9 láti àárín àwo.

Bébà kan wà tí wọ́n ya ibi méjèèjì náà sí, tí wọ́n fa ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sí àyíká wọn. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, protractor ni orúkọ rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ káfẹ́ẹ̀ pé kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí gan-an, kó má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fún un kó lè gba ìwé. Tí ẹ bá délé, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti àárín dé àmì. Ti àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún mi, 64 ni mo bá níbi tó yẹ kó jẹ́ 66. Mo padà lọ.

Ẹ fi ihò bébà náà bọ irin àárín ìjókòó àwo. Ẹ sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sórí àmì kìíní, kí orí rẹ̀ kan àmì náà gan-an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín wà ní gíga káátíríìjì, kí ẹ wò ó láti iwájú: ṣé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń bá àwọn ìlà náà lọ? Ẹ gbé e lọ sórí àmì kejì, ẹ tún un wò. Bí ó bá bá ìlà lọ ní ọ̀kan tó sì yẹ̀ ní èkejì, ẹ sún káátíríìjì ìdajì mìlímítà síwájú, kí ẹ tún méjèèjì wò. Tó bá burú sí i, ẹ̀yìn ló yẹ kí ẹ sún un sí. Ó lè gbà yín tó ogójì ìṣẹ́jú. Èmi fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ọ́: ìrọ̀lẹ́ méjì ló gbà mí.

Ẹni tó bá ní giramafóònù Technics SL-1200 ní ọ̀nà àbùjá. Ẹ wọ̀n láti ara rọ́bà tó wà nídìí orí apá dé orí abẹ́rẹ́. Kó jẹ́ mìlímítà 52, kí káátíríìjì sì dúró gún.

Ẹ wá de ìdè méjèèjì lẹ́sẹẹsẹ, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kó má baà yí. Ẹ tún ìwọ̀n wò, nítorí sísún tí ẹ sún un ti yí i padà.

Kí ló dé tí mo fi ń da ara mi láàmú lórí ìdajì mìlímítà? Nítorí òpin àwo. Ní etí àwo ńlá, ipa orin ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá fi dé ìtòsí àárín, kò ju 21 lọ mọ́. Orin kan náà ni wọ́n ká jọ sínú àyè tí kò tó ìdajì, títò tí kò péye ibẹ̀ ló ti ń tú àṣírí ara rẹ̀. Ẹ sì mọ bí àwọn olórin wa ṣe ń ṣe: orin kan lè gba ojú àwo kan tán, ibi tó bá kù díẹ̀ kó parí ni ìyá-ìlù máa ń wọ ibi tó dùn. Ẹni tó bá to abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ìtòkutò, ibẹ̀ gan-an ni ohùn á ti ya.

Èyí tó kù ò le. Ẹ gbé ANTI-SKATE sí nọ́ńbà kan náà tí ìwọ̀n yín wà. Ẹ yá lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ birikìlà kí ẹ fi wo bóyá giramafóònù jókòó dọ́gba. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà lórí àwo, kí apá dúró gbọọrọ, tó bá rìn gẹ̀rẹ́ gidi ni kí ẹ wá wá bí ẹ ṣe máa gbé e sókè tàbí sílẹ̀.

Kí ẹ tó gbé àwo gidi lé e

Àwo tí ẹ ò fẹ́ràn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò. Tó bá ń kùn húùù, ẹ wo wáyà kékeré tó dá dúró, èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bí ìfúnka méjì, bóyá ẹ ti so ó mọ́ ìdè GND lẹ́yìn ẹ́ńpílífáyà. Tí ohùn ò bá jáde lápá kan, irin wáyà kan ni kò wọlé dáadáa. Tí apá méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ìdí ìlù sọnù, tí ẹ ò mọ ibi tí akọrin dúró sí, ẹ ti gbé funfun àti búlúù, tàbí pupa àti àwọ̀ ewé, sí ipò ara wọn. Tí "s" inú ọ̀rọ̀ akọrin bá ń ta bí epo gbígbóná, ẹ padà sórí bébà.

Eruku ọyẹ́ Ìlọrin kì í ṣeré. Láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, ẹ lè gbọ́ ojú àwo kan kí ẹ bá nǹkan bí òwú lórí abẹ́rẹ́. Bọ́rọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni kí ẹ fi gbá a, láti ẹ̀yìn wá síwájú nìkan, ẹ má lọ síwá sẹ́yìn, ẹ má sì fi ìka kàn án. Omi tí wọ́n ń bù kún bátìrì ọkọ̀ dára láti fi nu àwo ńlá, èyí tó jẹ́ omi lásán o, kì í ṣe ásíìdì, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèmejì. Sípíríìtì ò gbọ́dọ̀ kan àwo 78, ó ń yọ́ ọ ni.

Audio-Technica ní abẹ́rẹ́ C lè lò tó wákàtí 500, E tó 300. Tí ojú àwo kan bá gba ogún ìṣẹ́jú, ti C jẹ́ ojú 1,500, ti E jẹ́ 900. Inú ìdérí giramafóònù mi ni mo lẹ bébà kan mọ́, tí mo so bírò mọ́ ọn. Ojú kan, ìlà kan. Ìlà 312 ló wà níbẹ̀ lónìí.